Iṣẹ́ tí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kan ní Ogbómọ̀ṣọ́ bá abà wa ṣe títí di ọjọ́ ìdájọ́

Ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin ni àwa ará abà wa fi ń lọ tí a ń bọ̀ lẹ́nu ẹjọ́ àwọn ọkùnrin mẹ́sàn-án kan tí wọ́n kó ara wọn jọ lóru, tí wọ́n wá dáná sun ilé wa, tí wọ́n sì ṣá èèyàn mẹ́ta ládàá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kan ní Ogbómọ̀ṣọ́, tí kò jìnnà sí Tákié, ló bá wa dúró. Iṣẹ́ tí ọ́fíìsì náà ṣe ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí, nítorí pé nígbà tí ọ̀ràn náà dé bá wa, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ ohun tó yẹ kí èèyàn retí lọ́wọ́ lọ́yà nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, a sì ti ná owó síbi tí kò yẹ kí a tó rí ẹni tọ́ wa sọ́nà. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé bí mo ṣe ní ìyìn fún wọn ni mo ní ẹ̀sùn sí wọn lọ́rùn, ẹjọ́ náà sì ti wà níwájú ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Ìbàdàn báyìí.

Abà wa wà ní apá Oríire, ilé mẹ́rìndínlógún péré. Àwọn tó wá ká wa mọ́ kì í ṣe àjèjì. Ọ̀rọ̀ ààlà oko kajú ló wà láàárín wa pẹ̀lú abà kejì, ó ti wà nílẹ̀ láti ayé àwọn bàbá wa, àwọn kan nínú àwọn tó gbé àdá dání lóru ọjọ́ náà sì wà lára àwọn tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà abà fi kọ́kọ́ fẹ́ kí á parí rẹ̀ nílé baálẹ̀. Àwọn tó dàgbà jù nínú wọn ṣì rántí ọdún 1969, nígbà tí ọ̀rọ̀ owó orí di ìjà Àgbẹ́kọ̀yà, tí wọ́n pa ọba Ogbómọ̀ṣọ́, Ṣọ̀ún Ọlájídé Ọláyọ̀dé, nínú oṣù Keje ọdún náà. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti gbà lọ́kàn ara wọn pé bí ọlọ́pàá àti kóòtù bá ti dá sí ọ̀ràn àwọn àgbẹ̀, ẹni tó jẹ̀bi àti ẹni tí kò jẹ̀bi ni yóò jọ jìyà. Ó gba ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kí a tó fi ẹnu kò pé a ó lọ bá lọ́yà.

Ẹni tí a kọ́kọ́ bá kì í ṣe ọ́fíìsì tí mò ń sọ yìí. Onítọ̀hún gba ₦150,000 lọ́wọ́ wa, ó ní òun yóò bá wa rojọ́ títí wọn yóò fi rẹ́wọ̀n he, lẹ́yìn náà a kò rí i mọ́. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ àwọn ti Tákié, lọ́yà obìnrin tó jókòó tì wá kò tíì gba kọ́bọ̀ kan tó fi sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún wa. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni ẹjọ́ yìí, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹlẹ́rìí lẹ jẹ́ níbẹ̀.” Ó ṣàlàyé pé àwọn agbẹjọ́rò ìjọba láti iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ni yóò pe ẹjọ́, tí wọn yóò pe ẹlẹ́rìí, tí wọn yóò sì bá adájọ́ sọ̀rọ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó wà nínú kóòtù lórúkọ wa, kí ó máa ṣọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ, kí ó máa rán olùpẹ̀jọ́ létí ohun tó bá fẹ́ gbàgbé, kí ó sì máa sọ fún wa ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí irú rẹ̀ bá dé bá mọ èyí dájú: bí agbẹjọ́rò kan bá sọ fún yín pé òun fúnra òun ni yóò gbé àwọn tó kọlù yín lọ sẹ́wọ̀n, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ipò wo ló máa dúró sí nínú kóòtù.

Lọ́jọ́ tí ó wá sí abà, abẹ́ igi máńgòrò ni ó ti ṣàlàyé òfin fún wa, pẹ̀lú Yorùbá tó já gaara. Ó ní lójú òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní ìpínlẹ̀ wa, bí èèyàn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá kóra jọ pẹ̀lú èrò kan náà, débi tí ẹ̀rù fi lè ba àwọn tó wà nítòsí pé wọ́n fẹ́ da àlàáfíà rú, ìkórajọ náà fúnra rẹ̀ ti di ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 1 sì ni ìjìyà rẹ̀. Bí rògbòdìyàn bá wá bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, ó di ọdún 3. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dáná sun ilé, tàbí tí ogunlọ́gọ̀ náà wó ilé lulẹ̀, adájọ́ lè fi ẹ̀wọ̀n gbére jẹ wọ́n níyà. Ìlẹ̀dí-àpò-pọ̀ láti dá irú ọ̀ràn ńlá bẹ́ẹ̀ lè mú ọdún 7 wá, kí èèyàn sì ṣe ọmọnìkejì léṣe gidigidi lè mú ọdún 7 mìíràn wá.

Ẹ̀gbọ́n mi wá béèrè nípa ọmọkùnrin kan tí kò ju iná, tí kò gbé àdá, tó kàn ń tan tọ́ọ̀ṣì sójú ọ̀nà fún àwọn yòókù. Ìbéèrè yìí ló gba àkókò jù lọ́jọ́ náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé orí rẹ̀ ni ẹjọ́ àwọn tó jùmọ̀ kọlu abà máa ń dúró lé. Lọ́yà náà ní bí èèyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá pinnu láti jọ ṣe ohun tí kò bófin mu, tí ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn sì tibẹ̀ jáde, tó jẹ́ irú èyí tó lè tibẹ̀ jáde ní tòótọ́, òfin yóò ka ẹ̀ṣẹ̀ náà sí olúkúlùkù wọn lọ́rùn, tó fi mọ́ ẹni tó tan tọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ó ní olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn pé ẹnì kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, àti pé èrò náà wà lọ́kàn rẹ̀. Ó fi ọ̀ràn Aluu ní ìpínlẹ̀ Rivers ṣe àpẹẹrẹ, níbi tí ogunlọ́gọ̀ ti pa akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹwàá, ọdún 2012. Ọgọ́ọ̀rọ̀ èèyàn ló dúró wòran níbẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ ya fídíò rẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí ìdájọ́ dé ní ọjọ́ 31, oṣù Keje, ọdún 2017, èèyàn mẹ́ta péré ni adájọ́ dá ẹjọ́ ikú fún, ọlọ́pàá kan sì wà nínú wọn. Ó dá àwọn mìíràn sílẹ̀ nítorí pé ẹ̀rí kò ká wọn mọ́. Inú àwọn kan nínú wa kò dùn sí àpẹẹrẹ yìí. Èmi dúpẹ́ pé ó sọ ọ́, nítorí pé òun ló mú kí a jókòó kọ orúkọ ẹni tí olúkúlùkù wa rí gan-an, ibi tó dúró sí, irú iná tó fi rí i, àti ohùn ẹni tó gbọ́, dípò kí gbogbo wa lọ máa wí ní kóòtù pé “àwọn ni, gbogbo wọn ni.”

Iṣẹ́ tó dára jù lọ tí ọ́fíìsì náà ṣe fún wa kò ju ti ìwé kékeré kan lọ, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò. Lọ́yà náà mú un dání láti ilé kan sí èkejì, ó ń kọ ohun tí iná jó sínú rẹ̀. Ó kọ iye páànù orí ilé, ewúrẹ́, àpò àgbàdo, àti àpò lááfún mẹ́fà tí Ìyá àgbà ti gún tán, tó ń dúró de ọjọ́ ọjà. Ó béèrè iye tí wọ́n ń ta àpò lááfún kan ní ọ̀sẹ̀ tí iná jó o, kì í ṣe iye tó jẹ́ lọ́jọ́ tí ó wá. Bó ṣe fẹ́ dìde ni Ìyá àgbà wọ inú ààrò rẹ̀ tó ti wó, ó mú ọkọ́ kan jáde. Irin nìkan ló kù, ó ti dúdú, ó sì ti tẹ̀ níbi tí igi erúkọ́ ti wọ inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó gbé e lé ìwé náà lórí, ó ní, “Ìyàwó mi, ọkọ́ tí ọkọ mi rọ fún mi nígbà tí mo délé rẹ̀ nìyí. Èló lẹ máa kọ sí i?” Lọ́yà náà kò dá a lóhùn lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí Ìyá àgbà ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ó sì fi àyè owó rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ní ojú ewé kan náà ló kọ ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tó ń wọ bàtà sùn láti òru ọjọ́ náà, kí ó lè tètè sáré bí wọ́n bá tún dé.

Nígbà náà, a rò pé àṣejù ni. Ẹ̀yìn ìgbà tí adájọ́ ti sọ pé wọ́n jẹ̀bi ni a tó mọ ìwúlò rẹ̀. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2016, fẹ́ kí adájọ́ ro ire ẹni tí wọ́n ṣe níkà, ti ẹlẹ́ṣẹ̀ àti ti àwùjọ pọ̀ kí ó tó sọ iye ọdún ẹ̀wọ̀n, ó sì fún un lágbára láti pàṣẹ pé kí ẹlẹ́ṣẹ̀ san owó gbà-má-bínú àti owó ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn lórí ìjìyà mìíràn tó bá fún un. Kò sí adájọ́ tó lè ro ohun tí kò sí níwájú rẹ̀. Bí ìwé kékeré yẹn kò bá sí, iye ilé tó jóná nìkan ni ì bá wà nínú àkọsílẹ̀ kóòtù.

Lọ́jọ́ ìdájọ́, a kún inú kóòtù débi pé àwọn kan nínú wa dúró sẹ́nu fèrèsé. Adájọ́ ti dá méjì sílẹ̀ nínú àwọn mẹ́sàn-án, nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo ló ní òun rí wọn, òkùnkùn sì ṣú níbi tó dúró sí. Ẹni kẹwàá tí ọlọ́pàá mú jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹjọ́ tirẹ̀ ti bọ́ sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé ọmọdé ni. Ó ku méje. Agbẹjọ́rò wọn dìde bẹ̀bẹ̀ fún àánú: ó ní wọn kò dá ọ̀ràn rí, wọ́n ní aya àti ọmọ, ìyá ẹni tó jẹ́ olórí wọn sì ti di arúgbó. Ìyá náà wà lẹ́yìn wa níbẹ̀, ó ń sunkún, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Lẹ́yìn náà ni olùpẹ̀jọ́ ka ohun tó wà nínú ìwé wa sókè. Nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń wọ bàtà sùn, adájọ́ dá a dúró, ó ní kí ó tún un kà.

Ìdájọ́ náà kò bá gbogbo wọn dọ́gba, mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ó rí. Olórí wọn gba ọdún 7 fún ìlẹ̀dí-àpò-pọ̀, ọdún 14 fún ilé tí wọ́n sun, ọdún 7 fún àwọn tí wọ́n ṣá. Ti àwọn tó tẹ̀ lé e kéré sí i, ẹni tó tan tọ́ọ̀ṣì sì gba ọdún 5 lórí ilé tí wọ́n sun. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ìka ṣírò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: méje, mọ́kànlélógún, méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó yíjú sí mi, ojú rẹ̀ kún fún omi, ó ní ọdún 28 tó. Ohun tí adájọ́ sọ tẹ̀ lé e, tí ògbufọ̀ kóòtù kò túmọ̀ rárá, ni pé gbogbo ọdún náà yóò máa lọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àti pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti wà ní àtìmọ́lé ni kí wọ́n ti máa kà á. Èyí túmọ̀ sí pé ọdún 14 ni gbogbo rẹ̀, olórí wọn sì ti lò ju ọdún mẹ́ta lọ nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lọ́yà tí ọ́fíìsì náà fi sáàárín wa ló rọra sọ ọ́ sí wa létí lédè Yorùbá. Bí kò bá sí i níbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ọdún 28 ni a ò bá gbé dé abà, ọjọ́ tí wọ́n bá sì dá ẹni náà sílẹ̀, a ò bá sọ pé wọ́n ti fowó ra adájọ́.

Ẹ̀sùn mi wá nìyí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n sún ẹjọ́ síwájú tí ọ́fíìsì náà mọ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú, tí wọn kò sì pè wá. A ó ti háyà bọ́ọ̀sì, àwọn arúgbó yóò ti jí ní aago mẹ́rin ìdájí, a ó dé kóòtù kí á tó gbọ́ pé kò sí ìjókòó. Òfin ọdún 2015 fẹ́ kí ìgbẹ́jọ́ máa lọ lójoojúmọ́, ó sì fi gbèdéke sí iye ìgbà tí ẹnikẹ́ni lè tọrọ ìsúnsíwájú, síbẹ̀ ìyẹn kì í ṣe ohun tí a rí. N kò dá wọn lẹ́bi fún ohun tí kóòtù ṣe. Mo dá wọn lẹ́bi fún ìpè ìṣẹ́jú méjì tí wọn kò ṣe.

Èkejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Adájọ́ pàṣẹ owó gbà-má-bínú fún ilé méje àti owó ìtọ́jú fún àwọn mẹ́ta tí wọ́n ṣá, inú wa sì dùn. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní 90 ọjọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àti pé bí wọ́n bá ti pè é, a kò ní rí owó náà gbà títí ẹjọ́ yóò fi parí. Èèyàn méjì nínú wa ti yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfowósowọ́pọ̀ láti kan páànù, nítorí pé wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé e. Nígbà tí mo lọ béèrè, lọ́yà náà bẹ̀ mí, ó ní ó yẹ kí àwọn ti sọ ọ́ lọ́jọ́ ìdájọ́ gan-an. Mo gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, àmọ́ gbèsè náà ṣì wà lọ́rùn àwọn èèyàn.

Ẹ̀kẹta kì í ṣe ti ọ́fíìsì nìkan. Nígbà tí wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Abólóńgò ní Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹwàá, ọdún 2021, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹlẹ́wọ̀n ló sá lọ, ẹnikẹ́ni tó ti jẹ́rìí mọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ rí ní agbègbè yìí kò sì gbàgbé rẹ̀. Láti òru ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, ọdún yẹn kan náà, tí wọ́n kọlu Ìgangan ní Ìbàràpá, oorun àwọn ará oko kò já fáfá mọ́. A béèrè pé ta ni yóò sọ fún wa bí àwọn méje yìí bá jáde, lọ́nà ẹ̀tọ́ tàbí lọ́nà àìtọ́. Kò sí ìdáhùn tó nítumọ̀. Mo fẹ́ kí àwọn ọ́fíìsì agbẹjọ́rò fi èyí kún iṣẹ́ wọn: kí wọ́n kọ̀wé béèrè lórúkọ àwọn ẹlẹ́rìí, kí wọ́n sì máa tẹ̀ lé e.

Owó tí a san lápapọ̀ jẹ́ ₦400,000, a dá a láàárín ara wa, wọ́n sì gbà kí á máa san án díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìkórè kajú. Ìwé ìdájọ́ tí kóòtù fọwọ́ sí kò sí nínú rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni a san tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbé irú iṣẹ́ yìí fún ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín bóyá yóò wá sí abà fúnra rẹ̀, bóyá yóò ka ohun tó ṣòfò kí ìdájọ́ tó dé, àti ta ni yóò jókòó tì yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sọ iye ọdún. Ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn tí kò lówó lè lọ bá Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún aláìní ní agbẹjọ́rò lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ àwọn tí wọ́n kọlù kì í tètè rí irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí irú ọ́fíìsì yìí ṣe pàtàkì. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Bí wọ́n bá ti pè wá nígbà mẹ́rin yẹn, tí wọ́n sì sọ òótọ́ nípa owó náà lákòókò, n kò ní yọ ìkankan.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tún dé ibẹ̀. Ọkọ́ Ìyá àgbà wà lára ẹrù ẹ̀rí tí kóòtù gbà wọlé, kò sì ṣeé gbà jáde nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà ní Ìbàdàn. Lọ́yà náà ti kọ lẹ́tà pé kí wọ́n dá a padà fún un bí wọ́n bá ti parí, ó fún mi ní ẹ̀dà rẹ̀, mo sì kà á fún Ìyá àgbà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní kí n tún ibi tí orúkọ òun wà kà.